Ilé iṣẹ́ kì í búra, ènìyàn ló ń búra

Agolo dúdú kékeré kan ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì mi ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó tú fáìlì wọn. Orúkọ wọn wà lára agolo náà ní lẹ́tà aláwọ̀ wúrà, lẹ́tà méjì sì ti ń pa rẹ́ nítorí pé ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń gbé e láti ilé ẹjọ́ kan dé òmíràn ní Èkó, ní Abẹ́òkúta àti ní Ìbàdàn. Wíìgì ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣí i, wọ́n gbọn irun rẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì bi mí bóyá àwọn adájọ́ Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, fẹ́ràn wíìgì tuntun tàbí èyí tó ti pọ́n bíi ti àwọn àgbà lọ́yà. Mo sọ fún wọn pé agbẹjọ́rò kì í dé wíìgì ní Bẹ̀nẹ̀. Aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ àti aṣọ funfun tó rọ̀ sílẹ̀ níwájú ọrùn ni tiwọn. Wọ́n rọra dé agolo náà padà, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n bá wá yóò gbà wá ní àkókò ju bí wọ́n ti rò lọ.

Ògbufọ̀ ni mí ní Àjàṣẹ́. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń túmọ̀ sí Faransé fún ilé ẹjọ́, fún àwọn notaire tó ń ṣe ìwé ilẹ̀ àti fún àwọn oníṣòwò tó ń gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá, mo sì ti búra kí ilé ẹjọ́ tó lè gba ìtumọ̀ mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ẹ̀gbọ́n tí mò ń sọ yìí. Ọmọ Kétu ni gbogbo wa, ṣùgbọ́n bàbá wọn ti lọ fìdí kalẹ̀ sí Èkó kí wọ́n tó bí wọn, òfin tí Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ ní Nàìjíríà ni wọ́n sì kọ́. Agbẹjọ́rò mẹ́fà ló wà ní ilé iṣẹ́ wọn. Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tó ń bá ọjà Tọ̀kpá ní Kútọnu dòwò pọ̀, tí àwọn kan jẹ lówó tí wọn kò sì san. Nígbàkigbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá di ẹjọ́ níhìn-ín, ṣe ni wọ́n ń fa oníbàárà wọn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, wọn kì í sì í gbọ́ àbárèbábọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pinnu láti gbé ilé iṣẹ́ wọn wọ Bẹ̀nẹ̀. Àwọn kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wá bá mi, mo sì fẹ́ kí ẹni tó tún ń bọ̀ lẹ́yìn wọn mọ ilẹ̀kùn tí yóò kọ́kọ́ kàn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé wọ́n ti náwó kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Aṣojú kan tó ń bá àwọn àjèjì ṣètò ìwé ní Kútọnu ti bá wọn dá SARL, ìyẹn ilé iṣẹ́ okòwò, sílẹ̀, ó ti fi orúkọ rẹ̀ sínú RCCM, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ àwọn oníṣòwò, ó ti gba IFU tí a fi ń san owó orí, ó sì ti sọ fún wọn pé ó parí, kí wọ́n máa bọ̀. Ìwé tòótọ́ ni gbogbo ìwé náà. Dídá ilé iṣẹ́ okòwò sílẹ̀ kò nira ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń ṣe é. Àṣìṣe aṣojú náà ni pé ó ka agbẹjọ́rò sí oníṣòwò, bẹ́ẹ̀ òfin iṣẹ́ agbẹjọ́rò níhìn-ín kò gbà kí avocat, ìyẹn agbẹjọ́rò, máa ṣòwò, kò sì sí ohun tí SARL fẹ́ fi nọ́ńbà RCCM ṣe níwájú adájọ́ tó bá di pé kí ó gba ẹnu ẹlòmíràn sọ̀rọ̀.

Wọ́n tilẹ̀ ti kun pátákó. Mo tẹ̀lé wọn lọ sí ilé tí wọ́n háyà nítòsí ọjà Ouando, mo sì bá a níbi tí wọ́n fi tì sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn: CABINET D’AVOCATS ní lẹ́tà aláwọ̀ ewé, orúkọ Èkó wọn nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ tán. Nígbà tí mo fọwọ́ kan igun rẹ̀, ó mọ́ mi níka. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi kí a dojú rẹ̀ kọ ògiri lọ́jọ́ náà gan-an. Orúkọ avocat jẹ́ orúkọ tí òfin dáàbò bò, ẹni tó bá sì ń jẹ́ ẹ láìsí nínú ìwé ẹgbẹ́ lè bá ara rẹ̀ nílé ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí olùjẹ́jọ́. Inú wọn kò dùn, ṣùgbọ́n àwọn àti àwakọ̀ wọn gbé pátákó náà yí padà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò obìnrin kan ní Àjàṣẹ́, ọmọ Sakété, tí èmi àti wọn ti jọ ń ṣiṣẹ́ tipẹ́. Maître ni a ń pè wọ́n, bí a ti ń pe agbẹjọ́rò níhìn-ín. Wọ́n ka gbogbo ìwé ẹ̀gbọ́n mi láti òkè délẹ̀, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n sì fi Nàgó, Yorùbá tiwa níhìn-ín, sọ fún wọn pé: “Ẹ̀gbọ́n, ilé iṣẹ́ kì í búra, ènìyàn ló ń búra. Ẹ kọ́kọ́ sọ ẹni tí yóò búra nínú yín fún mi, kí a tó sọ̀rọ̀ pátákó.”

Èmi tí mo ti ń túmọ̀ àwọn òfin wọ̀nyí láti ọjọ́ pípẹ́ kò gbọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni là á tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo Bẹ̀nẹ̀. Òfin ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1965 ló dá a sílẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dahomey, bâtonnier sì ni olórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kàwé òfin, kí ó gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ agbẹjọ́rò tí wọ́n ń pè ní CAPA, kí ó búra níwájú ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, kí ó sì kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àgbà kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé tí wọ́n ń pè ní tableau. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ń tó bẹ̀rẹ̀: àwọn tí orúkọ wọn ti wà nínú tableau lè para pọ̀ dá société civile professionnelle sílẹ̀, ìyẹn ilé iṣẹ́ àjọṣe tí kì í ṣe ti okòwò, ohun tó sì fà á nìyẹn tí a fi ń rí SCPA níwájú orúkọ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Kútọnu. Ẹ̀tọ́ tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní kò ju èyí tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti gbà lọ́kọ̀ọ̀kan lọ.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, UEMOA, ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé àti owó ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, fọwọ́ sí òfin rẹ̀ nọ́ńbà 05, tó so iṣẹ́ agbẹjọ́rò pọ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ: Bẹ̀nẹ̀, Burkina Faso, Côte d’Ivoire, Guinea-Bissau, Mali, Niger, Senegal àti Togo. Agbẹjọ́rò Lomé lè wá rojọ́ ní Kútọnu, bó bá sì tẹ̀lé ìlànà, ó lè wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Ní ti ẹni tó ti ìta wá, wọn yóò béèrè bóyá ilẹ̀ tirẹ̀ náà máa ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tiwa. Réciprocité ni wọ́n ń pe èyí, ìyẹn ni pé bí o bá ti ṣe sí mi ni n óò ṣe sí ọ. Nàìjíríà kò sí nínú àwọn mẹ́jọ náà, nítorí náà orí ìbéèrè yìí ni gbogbo ẹ̀bẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi dúró lé. Àwọn fúnra wọn ló mú òfin àwọn agbẹjọ́rò ilẹ̀ wọn jáde. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà lè fún agbẹjọ́rò ilẹ̀ òkèèrè ní àyè láti rojọ́ nínú ẹjọ́ kan pàtó tí ó tọrọ àyè fún. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀ tí yóò jẹ́ kí agbẹjọ́rò Àjàṣẹ́ lọ ṣí ọ́fíìsì sí Èkó. Wọ́n kà á sókè tán, wọ́n pa ìwé dé, wọn kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa ìwé ìrìnnà ECOWAS wọn yọ. Mo mọ̀ pé wọn yóò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé gbogbo ẹni tó bá wá láti Èkó ló ń ṣe é. Àdéhùn ọdún 1979 fún ọmọ ECOWAS ní ẹ̀tọ́ láti wọ ilẹ̀ ara wọn, àdéhùn àfikún ọdún 1990 sì sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ láti fìdí iṣẹ́ kalẹ̀. Èsì tí Maître fún wọn ló mú mi lọ́kàn. Wọ́n ní ọmọ Sakété ni àwọn, inú Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n bí àwọn sí, ìwé ìbí àwọn kò sì sọ àwọn di agbẹjọ́rò. Ọmọ onílẹ̀ gan-an, bí kò bá búra, àárín àwọn èrò ni yóò jókòó sí nínú ilé ẹjọ́. Ẹ̀tọ́ láti máa gbé ìlú àti láti máa ṣòwò níbẹ̀ kò pa májẹ̀mú iṣẹ́ agbẹjọ́rò rẹ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ni mo bá wá.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣàì dùn mí. Ìmẹ̀kọ jẹ́ ti ìjọba Kétu kí àwọn òyìnbó tó dé. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé ààlà láàárín Èkó àti Àjàṣẹ́, láti ìgbà náà ni Kétu ti bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé tí Ìmẹ̀kọ sì bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oríkì kan náà ni a ń kì, oyè kan náà ni a ń jẹ, ṣùgbọ́n òfin Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti rí ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1900 ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ lápá ọ̀hún, nígbà tí tiwa jẹ́ ti Faransé. Nínú òfin okòwò ni ọ̀nà wa ti wá jìnnà síra jù: Bẹ̀nẹ̀ wà nínú OHADA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lo òfin okòwò kan náà, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Port Louis ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1993, tó sì ní orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógún lónìí. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga OHADA wà ní Abidjan, ẹni tó bá sì lè rojọ́ gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò ní ilé ẹjọ́ ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè náà nìkan ni wọ́n ń gbà síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn sì ni ẹjọ́ gbèsè tí àwọn ará Tọ̀kpá ń jẹ àwọn oníbàárà ẹ̀gbọ́n mi lè parí sí.

Ìwé tí mo túmọ̀ fún wọn ló jẹ́ kí n tún rí ìyàtọ̀ náà kedere sí i. “Barrister and Solicitor” ló wà lórí ìwé ẹ̀rí wọn. Ògbufọ̀ tó bá ń kánjú yóò kọ “avocat” síwájú rẹ̀, yóò sì lọ sílé. Ṣùgbọ́n lọ́yà Nàìjíríà kan ṣoṣo ló ń rojọ́, tó ń kọ ìwé àdéhùn, tó sì ń ṣe ìwé rírà ilẹ̀. Níhìn-ín, wọ́n ti pín iṣẹ́ náà: avocat ló ń rojọ́, notaire ló ń ṣe ìwé bí ẹnìkan bá fẹ́ ra ilẹ̀ tó ní titre foncier, ìyẹn ìwé àṣẹ ilẹ̀, huissier ló sì ń mú ìwé ẹjọ́ lọ bá ẹni tí a pè lẹ́jọ́. Ìdá kan tó tóbi nínú ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń jẹun ní Èkó, pàápàá ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kò ní sí lọ́wọ́ wọn ní Àjàṣẹ́ bí wọ́n tilẹ̀ di avocat lọ́la. Gbólóhùn kejì tó yọ mí lẹ́nu ni pé wọ́n ti pè wọ́n sí “Bar” ní ọdún báyìí. Bí mo bá fi “barreau”, ìyẹn ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò, túmọ̀ rẹ̀ lásán, ẹni tó ń kà á ní Kútọnu lè rò pé wọ́n ti wà nínú tableau kan bíi tiwa. Ọjọ́ méjì ni mo fi ro ó. Níkẹyìn, mo fi orúkọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ bó ṣe wà ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì kọ àlàyé sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé pé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà ló ní ìwé tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí, àti pé ìwé yẹn fún wọn láyè ní gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì àti ní Àbújá. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé àlàyé náà gùn jù. Mo sọ fún wọn pé ìbúra mi kò gbà mí láyè láti gé e kúrú.

Orí àlàyé yẹn ni mo ti ráyè ronú sí ibi tí àṣìṣe wọn ti wá. Lọ́yà tó bá ti Èkó lọ sí Kánò kò nílò ìwé kankan ju èyí tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀rẹ́ wọn kan ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún agbẹjọ́rò ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ wọ ìpínlẹ̀ mìíràn lè fi orúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ibẹ̀, kí ó mú ìwé tó fi hàn pé ara rẹ̀ mọ́ ní ìpínlẹ̀ tó ti wá, kí ó sì yan ẹnìkan tí yóò máa gba ìwé ẹjọ́ fún un níbẹ̀. Síbẹ̀, agbẹjọ́rò rẹ̀ tí kò ní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ náà kò lè rojọ́ níbẹ̀ àfi kí adájọ́ gbà á fún ẹjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n mi mọ gbogbo èyí. Ohun tí wọn kò rò, nítorí pé wọ́n ń gbọ́ Yorùbá ní ọjà wa, ni pé nínú ọ̀rọ̀ òfin, Àjàṣẹ́ jìnnà sí Èkó ju bí ìpínlẹ̀ kan ti jìnnà sí èkejì lọ.

Wọ́n tún dábàá pé kí Maître wá di alábàáṣepọ̀ wọn nínú ilé iṣẹ́ Èkó, kí orúkọ kan wà ní ìhà méjèèjì. Òfin ìwà àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà ló dá wọn lẹ́kun: agbẹjọ́rò kò gbọ́dọ̀ bá ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò, tàbí agbẹjọ́rò tí wọn kò gbà ní Nàìjíríà, dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, láti ìhà méjèèjì ni ilẹ̀kùn ti wà ní títì, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ṣe irú nǹkan yìí kọ́kọ́ ka òfin ilé tirẹ̀ kó tó ka ti àlejò.

Ohun tí a ṣe kò tóbi tó ohun tí wọ́n bá wá, ṣùgbọ́n ó dúró. Ilé iṣẹ́ Èkó àti ilé iṣẹ́ Maître fọwọ́ sí àdéhùn pé wọn yóò máa rán iṣẹ́ síra wọn. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń fọwọ́ sí ìwé méjì, ọ̀kan fún Èkó, ọ̀kan fún Àjàṣẹ́, ó sì ń san owó iṣẹ́ ìhà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìsí pé wọ́n ń pín èrè láàárín ara wọn. Lórí ìwé lẹ́tà wọn, àdírẹ́sì Èkó nìkan ló kù lókè. Nísàlẹ̀ ni a kọ ọ́ sí pé àwọn ní agbẹjọ́rò tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ilé ẹjọ́ tó gba ìbúra rẹ̀. SARL tí aṣojú náà dá sílẹ̀ ni wọ́n ń pa rẹ́ báyìí, pípa á rẹ́ sì ń gba ìwé ju dídá a sílẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà nínú àwọn mẹ́fà náà, ọmọ Kétu tó jẹ́ ọmọ onílùú Bẹ̀nẹ̀, tó ti kàwé òfin ní Abomey-Calavi kó tó kọjá sí Nàìjíríà. Nígbà tí Maître béèrè ẹni tí yóò búra, òun ni gbogbo wa wò. Ó ti ń múra fún CAPA. Mo ń bá a wá ìwé òfin OHADA, ó ń pè mí ní alaalẹ́ láti béèrè ọ̀rọ̀ Faransé tí ó ti gbàgbé.

Ẹjọ́ àkọ́kọ́ lábẹ́ àdéhùn náà dé ilé ẹjọ́ okòwò ní Kútọnu ní oṣù tó kọjá: gbèsè aṣọ ni, onígbèsè sì ti tako àṣẹ pé kí ó san án. Maître ló dìde. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lẹ́yìn, láàárín àwọn èrò, wọ́n ń fi bírò sàmì sí ẹ̀dà tí mo túmọ̀ fún wọn. Nígbà tí adájọ́ béèrè ọjọ́ tí wọ́n kó ẹrù náà ní Èkó, Maître yíjú sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi sì na ìwé ẹrù sí wọn lórí èjìká èmi tí mo jókòó láàárín.